Oríkì Ṣebí, Ọba Tí Kò Jẹ Oyè

Ẹ yàgò kí n kì í. Ẹni tó yẹ ní kíkì kò ní wàhálà: a ó kì í, a ó gbowó, a ó máa lọ. Ẹni tí kò yẹ ló ń gba ọ̀fun lọ́wọ́ akéwì, torí ohun tí kò ṣe pọ̀ ju ohun tó ṣe lọ, a sì gbọ́dọ̀ kà á tán.

Ṣebí o! Ṣebí ọmọ Àìbéèrè,
ọkọ Àbámọ̀, àna Ẹ̀tẹ́,
a-dájọ́-kẹ́lẹ́jọ́-ó-tó-dé,
ó-mọ̀-ọ́n-kó-tó-rí-i,
arìnrìn-àjò tí kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà bàbá rẹ̀
tó ń ròyìn òkèèrè fún ará òkèèrè.
Ẹ̀gbọ́n Àṣé,
tí àbúrò rẹ̀ ń wá kiri,
tí wọn kì í bá ara wọn nílé.

Ẹ má ṣì í mú o. Ẹnìkan wà ní Ṣàpọ́n, ní Abẹ́òkúta, tó ń jẹ́ Ṣe-bí-o-ti-mọ, ẹlẹ́wà. Wọn kì í ṣe ẹbí. Ẹlẹ́wà yẹn mọ ìwọ̀n ìkòkò rẹ̀, ó mọ iye tó wà nínú àpò rẹ̀, kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ṣebí tèmi kò wọn nǹkan kan rí láyé. Kò tẹ ìlú dó, kò ṣẹ́gun, kò kọ ebè kan ṣoṣo. Ẹnu wa ló ń gbé, kì í sì í san owó ilé.

Ọ̀nà méjì ló ń gbà jáde láti ẹnu náà, ọ̀kan kò sì léwu. Ìyàwó dé láti ọjà, kò ra iyọ̀. Ó ní, "Mo ṣebí iyọ̀ ṣì kù nínú ike." Ọ̀rọ̀ tán. Ẹni tó bá ti lè la ẹnu sọ pé "mo ṣebí" ti ṣí ike wò, ó ti rí i pé òfìfo ni. Òkú Ṣebí nìyẹn, òkú kì í sì í bá èèyàn jà.

Alààyè ni mò ń kì. Alààyè kì í dúró lẹ́yìn ẹnikẹ́ni, iwájú gbólóhùn pátápátá ló ń jókòó sí. "Ṣebí gbogbo wa la mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́?" Ẹ wò ó dáadáa. Ó gbé aṣọ ìbéèrè wọ̀, kò sì béèrè nǹkan kan. Bí o bá dákẹ́, o ti fọwọ́ sí i. Bí o bá ní rárá, ìwọ lo ń wá ìjà. Ohun tó yẹ kí a jọ wádìí ti di ohun tí a jọ mọ̀, kí onílé tó fún àlejò lómi mu.

Oníbàárà dúró ti ìyá olóòrí lọ́jà, ó fi ìka tọ́ òrí wò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́: "Ìyá, ṣebí ẹ ti jáwọ́ nínú lílú òrí báyìí?" Kí ni kí ìyá wí? Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, a jẹ́ pé ó ti ń lú u látẹ̀yìnwá. Bó bá ní rárá, a jẹ́ pé ó ṣì ń lú u. Ìyá tó mọ Ṣebí dáadáa yóò gba òrí rẹ̀ padà, yóò ní kí onítọ̀hún kọjá síbòmíràn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìyá ni yóò bẹ̀rẹ̀ àlàyé, bí àlàyé bá sì ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, Ṣebí ti fà wọ́n kúrò lórí àpótí, òun ló jókòó ti igbá òrí.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni wọ́n ń pè é.
Ìwọ Ṣebí, o ò gbọ́ tẹnìkan,
o ò gbọ́ tẹnìkejì,
o ti dá a, o ti lu aago, o ti dìde.
Kí ni ká wá pè ọ́?

Ìlú tí mo fẹ́ fi kì í ni Tamale, ní àríwá Gáná. Kì í ṣe pé kò rìn dé ibòmíràn. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìwà rẹ̀ ti hàn jù, torí pé àwa Yorùbá gbà á lálejò níbẹ̀, wọ́n sì fi í lé wa jáde níbẹ̀.

Ọmọ Yorùbá kan sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì tó ti Kumasi bọ̀. Ṣebí ti sọ̀ ṣáájú rẹ̀, ó ti bá a gbé báàgì. Wọ́n ti jọ mọ̀ pé aginjù ni gbogbo àríwá. Igi máńgòrò, igi òrí àti igi irú tò lọ lójú ọ̀nà, wọn ò wò wọ́n. Wọ́n ti jọ mọ̀ pé Gàmbàrí ni gbogbo ará ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àwọn Dagbamba ló ni ilẹ̀, Dagbani ni wọ́n ń sọ nílé, Yendi ni Ya Naa, ọba wọn, ń gbé, Hausa sì jẹ́ èdè tí wọ́n fi ń ná ọjà. Wọ́n ti jọ mọ̀ pé obìnrin ibẹ̀ kì í yọjú síta. Ìyá kan tó fi hìjáàbù borí, tó pọn ọmọ sẹ́yìn, gun alùpùpù kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó sì da eruku bo bàtà wọn. Obìnrin tó ń gun alùpùpù pọ̀ ní Tamale débi pé ará ìlú kì í yíjú wò wọ́n. Ṣebí nìkan ló dúró tó ń wò.

Ebi wá mú àlejò. Ó yà sí ìsọ̀ ìyá kan tó gbọ́ Yorùbá.

"Ẹ kú ọjà o, Màmá. Ṣebí kò sí ewédú níbí?"

"Ọmọ mi, kí lo rí nínú ìkòkò yìí?"

"Mo ṣebí ọbẹ̀ àwọn Gàmbàrí ni."

"Ayoyo ni wọ́n ń pè é níbí. Jókòó, kí o jẹ ewédú rẹ."

Ó jókòó. Tùwó ni wọ́n gbé fún un, èyí tí ará ibẹ̀ ń pè ní tuo zaafi, ayoyo sì yọ̀ lórí rẹ̀ bó ti yẹ kó yọ̀. Òórùn irú jáde látinú ìkòkò kejì. Kpalgu ni wọ́n ń pe irú ní Dagbani. Mo fẹ́ràn ibi tí ọ̀rọ̀ náà parí sí, torí lára gbogbo ibi tí Ṣebí ti ń ṣubú, ìdí ìkòkò ọbẹ̀ nìkan ni kì í ti í pa ẹnikẹ́ni lára.

Òyìnbó náà sìn ín, wọ́n sì fi ìwé ìjọba sìn ín. Ní 1907 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ibùjókòó ìjọba wọn ní àríwá kúrò ní Gambaga wá sí Tamale. Ṣebí bá wọn ru àpótí ìwé. Ó ní, "Ṣebí apá làwọn èèyàn yìí ní, ìwé kò bá wọn lára mu?" Wọ́n gbà á gbọ́. Wọ́n kó ọmọkùnrin láti àríwá lọ wa góòlù ní gúúsù, wọ́n kó wọn lọ ro oko kòkó. Ilé-ẹ̀kọ́ Achimota ti ṣí nítòsí Accra láti 1927, ilé-ẹ̀kọ́ Mfantsipim ti wà ní Cape Coast láti 1876. Àríwá dúró di 1951 kó tó ní sẹ́kọ́ńdìrì tirẹ̀, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Tamale. Nígbà tí àwọn ọmọ ibẹ̀ kò wá kàwé tó àwọn ti gúúsù, Ṣebí fa irùngbọ̀n rẹ̀: "Ṣebí mo sọ fún yín?" Ẹ gbọ́ ọgbọ́n ọba. Ó tilẹ̀kùn mọ́ èèyàn síta, ó wá fi àìwọlé rẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí pé kò fẹ́ wọlé.

Wọ́n tún gbé e lọ sí Damongo, ní ìwọ̀-oòrùn Tamale, láàárín àwọn ọdún 1950. Ilé-iṣẹ́ Gonja Development Company fẹ́ fi katakata gbin ẹ̀pà sórí ilẹ̀ tó gbòòrò. "Ṣebí ilẹ̀ òfo ni? Ṣebí ẹ̀pà lásán ni, kí ló le níbẹ̀?" Wọ́n tún rò pé àwọn Frafra tí ilẹ̀ wọn ti há jù yóò dà wá síbẹ̀ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Àwọn tó wá kò pọ̀, ẹ̀pà náà kò ṣe bí ìwé ṣe ní yóò ṣe, ọdún mẹ́wàá kò sì pé tí ilé-iṣẹ́ náà fi kógbá sílé. Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí irú iṣẹ́ ẹ̀pà yìí kan náà forí ṣánpọ́n ní Tanganyika, tó jẹ owó ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rẹpẹtẹ. Àgbẹ̀ Damongo tó ń fi ọkọ́ gbin ẹ̀pà tirẹ̀ mọ irú ilẹ̀ tó wà níbẹ̀ àti bí òjò rẹ̀ ṣe ń rọ̀. Wọn ò bi í.

Ìbá ṣe pé ẹ̀pà nìkan ló bà jẹ́, ǹ bá ti rẹ́rìn-ín, ǹ bá ti jókòó.

Ẹ jẹ́ ká dé orí 1969. Ibí yìí ni oríkì rẹ̀ ti gùn.

Láti ayé àwọn baba ńlá ni ará Ìgbẹ́tì, Ìgbòho, Kìṣí, Ṣakí, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin ti ń lọ sí Góòlù Kóòsì, tó di Gáná lẹ́yìn náà. Wọ́n ru aṣọ, wọ́n ru wosiwosi, wọ́n gba ìsọ̀, wọ́n kọ́ mọ́ṣáláṣí, wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú sílẹ̀, wọ́n bímọ, ọmọ náà bímọ. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 1960, Yorùbá tó wà ní Gáná lé ní 100,000. Onímọ̀ kan, J. S. Eades, kọ odindi ìwé lórí àwọn tó lọ sí àríwá, ó pe ìwé náà ní Strangers and Traders, ó sì jáde ní 1993. Ní Tamale, ọmọ Yorùbá ń fi Hausa ná ọjà, ó ń fi Dagbani bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣeré, ó sì ń fi Yorùbá gbọ́ ìbáwí ìyá rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò gba ìwé ìgbélùú kankan. Ta ló ń gba ìwé àṣẹ láti gbé ilé tí wọ́n bí i sí?

Ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, 1969. Ìjọba Busia, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí àga lọ́dún náà, kéde pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó kúrò ní Gáná. Òfin náà ní orúkọ tirẹ̀ nínú ìwé ìjọba. Nínú ìsọ̀ àti lórí rédíò àti lẹ́nu awakọ̀, Ṣebí ni orúkọ rẹ̀.

Ṣebí àjèjì ni wọ́n?
Ṣebí àwọn ló gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ wa?
Ṣebí àwọn ló ń kówó wa lọ sílé?
Ṣebí àwọn ló sọ ọjà di ọ̀wọ́n?
Ṣebí wọ́n ní ilé tí wọn yóò padà sí?

Ẹsẹ tó gbẹ̀yìn yẹn ló dùn ún kì jù. Ilé wo? Ọmọ tí wọ́n bí ní Tamale, tí bàbá rẹ̀ náà jẹ́ ìbí Tamale, kò mọ Ìgbòho yàtọ̀ sí orúkọ tí ìyá àgbà ń pè nínú àdúrà. Ìlú tó wà nínú àdúrà ni wọ́n ní kó padà sí, kó sì débẹ̀ láàárín ọjọ́ 14.

Ẹ fojú inú wo ìsọ̀ aláṣọ kan láàárín ọjọ́ 14 yẹn. Aṣọ kún pẹpẹ. Oníbàárà tó máa ń ná an fún wákàtí kan dé, kò ná an mọ́. Ó dárúkọ iye tó wù ú, ó dúró. Kí ló tún fẹ́ máa ná an fún? Ó mọ̀ pé ọ̀la ni lọ́rì ń lọ, aláṣọ náà mọ̀ pé ó mọ̀. Ìwé gbèsè wà nínú dúrọ́ọ̀, orúkọ àwọn tó ra àwìn tò sínú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá lè fi ara pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì péré ti bọ́ nínú gbèsè títí ayé. Àwọn kan san, àwọn kan tilẹ̀ bá wọn di ẹrù tomijé-tomijé. Ọmọlúàbí wà níbi gbogbo, mi ò ní bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Lọ́rì kó èèyàn, ó kó bẹ́ẹ̀dì, ó kó ìkòkò, ó gba Togo, ó gba Dahomey.

Òfin mìíràn tẹ̀lé e ní 1970, tó ní kí wọ́n fi òwò kéékèèké sílẹ̀ fún ọmọ Gáná nìkan. Ọjà kò sì tìtorí ìyẹn dẹ̀. Oko kòkó ń wá òṣìṣẹ́, kò rí. Ní oṣù kìn-ín-ní 1972, àwọn ológun lé Busia náà kúrò lórí àga, ìyẹn láìfún un ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ o, oríkì kò tíì tán. Lọ́rì já ẹrù sí Ìgbòho, ó já ẹrù sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ta ló dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń kí wọn káàbọ̀? "Ṣebí ẹ ti Gáná dé? Ṣebí owó ló kún àpótí yẹn?" Ẹbí yọ sí wọn. Wọ́n ṣí àpótí, aṣọ tí wọn kò rí tà ló wà níbẹ̀. Ọmọ tó ń fi Hausa sunkún di ẹni àwòrẹ́rìn-ín láàárín ọmọ bàbá rẹ̀. Ní Tamale, àjèjì ni. Nílé, ará Gáná ni. Títí dòní, Bàbá Gáná àti Ìyá Gáná kò wọ́n ní àwọn ìlú wa, orúkọ náà sì ti dùn lẹ́nu débi pé kò sẹ́ni tó ń rántí ẹni tó sọ wọ́n bẹ́ẹ̀.

Ṣebí, ọlọ́mọ méjì tí kò yan ọ̀kan láàyò,
o jẹun alẹ́ nílé ẹni tó ń léni,
o jẹun àárọ̀ nílé ẹni tí wọ́n lé.
Wọ́n lé e jáde pẹ̀lú ẹrù lórí,
ìwọ lo wà ní ìsàlẹ̀ ẹrù.

Ó lé ní ọdún mẹ́tàlá kó tó sọ ẹrù náà. Ọjọ́ 17, oṣù kìn-ín-ní, 1983, ìjọba Shagari ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kúrò ní Nàìjíríà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni. Ẹ kúkú wo bí Ṣebí ṣe ní ìrántí: ọ̀sẹ̀ méjì níhìn-ín, ọ̀sẹ̀ méjì lọ́hùn-ún, kò fi ọjọ́ kan lé e. Owó epo ti wálẹ̀, iṣẹ́ ti wọ́n, "ṣebí àwọn ará Gáná ló gbà á? Ṣebí àwọn ni adigunjalè?" Ó tó mílíọ̀nù kan ọmọ Gáná tó dà sójú ọ̀nà. Ibodè Gáná wà ní títì láti 1982, Benin àti Togo kò fẹ́ kí èrò há mọ́ wọn lọ́wọ́, ni èèyàn bá ń sùn sí ẹ̀bá ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ àti ẹrù títí Gáná fi ṣíbodè ní òpin oṣù náà. Báàgì aláwọ̀ pupa, búlúù àti funfun tí wọ́n di ẹrù sí wà nílé gbogbo wa. "Ghana Must Go" la ṣì ń pè é. A fi ń kó aṣọ ọmọ lọ sílé ìwé, a fi ń kó gàrí, kò sì sí ẹni tí orúkọ náà ń rùn sí nímú. Ìjọba Buhari tún lé wọn ní 1985, kó má baà dà bí ẹni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni.

Àwọn tó fọwọ́ sí ìwé ECOWAS ní 1979, pé kí ọmọ ẹgbẹ́ máa wọ ìlú ara wọn fún 90 ọjọ́ láìgba físà, kò fi orúkọ Ṣebí sínú àwọn tí ibodè yóò dá dúró. Ní 2013, òfin ìdókòwò ní Gáná béèrè mílíọ̀nù kan dọ́là lọ́wọ́ àjèjì tó bá fẹ́ máa tajà. Ẹni tó ń ta ẹ̀yà fóònù ní Circle, ní Accra, kò rí irú owó bẹ́ẹ̀ lójú àlá, wọ́n sì ti ti ìsọ̀ irú wọn pa láìmọye ìgbà. Ní oṣù keje 2025, àwọn kan jáde sí títì Accra pé kí ọmọ Nàìjíríà máa lọ. Mo gbọ́ ohùn kan láàárín wọn. Ohùn àtijọ́ ni, ìbéèrè ló sì ń béèrè.

Ó ku ibì kan tí n kò fẹ́ dé, oríkì kò sì pé bí mi ò bá débẹ̀.

Ní àwọn abúlé tó wà ní Gambaga, Kukuo àti Gnani, ni àwọn ìyá arúgbó tó sá wá látibi tí wọ́n ti pè wọ́n ní àjẹ́ ń gbé. Ọmọdé kan ṣàìsàn, àrá sán pa ẹnìkan, orogún lá àlá. "Ṣebí òun ni? Ṣebí ó ti di opó, kò sì bímọ ọkùnrin?" Ìyá di aṣọ rẹ̀. Ní Gambaga, wọn a pa adìẹ láti mọ̀. Bí adìẹ bá jà gidigidi tó dojú bolẹ̀ kú, àjẹ́ ni. Bó bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀, kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Adìẹ nìkan ni wọ́n bi léèrè. Èyí tí adìẹ bá dá láre pàápàá kì í sáábà lè padà sílé, torí Ṣebí kì í gba ẹ̀rí adìẹ. Ní oṣù keje 2020, ní Kafaba, lọ́nà Salaga, wọ́n lu ìyá ẹni 90 ọdún pa ní gbangba, àwọn èèyàn dúró, wọ́n ń fi fóònù ya fídíò. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gáná fọwọ́ sí òfin ní 2023 tí yóò sọ pípe èèyàn ní àjẹ́ di ẹ̀ṣẹ̀. Ààrẹ ìgbà náà, Akufo-Addo, kò buwọ́ lù ú, ó ní ọ̀nà tí wọ́n gbé e gbà kò bá ìwé òfin ilẹ̀ mu.

Mi ò ní kọ orin kankan fún un níbí. Ẹ jẹ́ ká kọjá.

Ẹnìkan wà ní Tamale kan náà tó gbá Ṣebí létí. Ibrahim Mahama ni orúkọ rẹ̀, 1987 ni wọ́n bí i. Àpò ìdọ̀họ tí wọ́n fi ń kó kòkó, tó ti gbó, tó ti ya, ni ó ń rán pọ̀ tí ó ń fi bo ilé ńláńlá. Ṣebí àpò lásán ni? Ní 2015, wọ́n ta á sí ara ògiri ní Venice, gbogbo ayé ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ilé ìkóǹkan-oko kan tún wà ní Tamale tí wọ́n ń kọ́ láyé Ààrẹ Nkrumah, ìjọba Nkrumah wó ní 1966, ilé náà sì dúró bẹ́ẹ̀ láìparí. Gbogbo ìlú mọ̀ pé ahoro ni. Mahama rà á, ó bọ́ sínú rẹ̀, ó bá omi, ó bá àdán. Kò lé àdán jáde. Ó pè é ní Nkrumah Volini, ìyẹn inú ihò Nkrumah, ó sì ṣí i kí èèyàn wá máa wò ó. Ní Red Clay, ibùdó rẹ̀ ní Janna Kpeŋŋ, ọkọ̀ òfurufú tí kò fò mọ́ wà lórí pápá, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì ń wọ inú rẹ̀ lọ jókòó kàwé. Ọmọ tó ti kàwé nínú ọkọ̀ òfurufú, mo fẹ́ rí bí Ṣebí yóò ṣe bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Àṣé wá ńkọ́? Àbúrò náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Àwọn Hausa Tamale pàápàá ní i lẹ́nu, ashe ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ kan náà ló sì ń ṣe níbẹ̀. Àṣé ewédú ni. Àṣé ìbí ibẹ̀ ni wọ́n. Àṣé ìyá náà kò ṣe nǹkan kan. Òótọ́ ni gbogbo ohun tó máa ń wí, àárẹ̀ kì í sì í mú un nínú ìrìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ló ń fi rìn, láti ilé kan dé èkejì, ó ń kan ilẹ̀kùn, ó ń béèrè. Kó tó dé, wọ́n ti tú ìsọ̀, lọ́rì ti ṣí.

Mo ti kì ọ́ tán, Ṣebí. Ìlú tí mo ti kì ọ́ yìí, wọ́n mọ iṣẹ́ akéwì níbẹ̀. Lunsi ni wọ́n ń pe àwọn onílù tó ń fi luŋa, ìlù alohùn bíi gángan wa, ka ìtàn àwọn ọba Dagbon. Bizuŋ, ọmọ Naa Nyagsi, ni wọ́n ní ó jẹ́ baba ńlá wọn, ọmọ ọba sì ni. Bí wọ́n bá ka ìdílé ọkùnrin kan dé orí baba baba rẹ̀, kì í jókòó. Yóò dìde, yóò jó bọ̀, yóò lẹ owó mọ́ wọn níwájú orí.

Mo ti ka tìrẹ láti ilé Àìbéèrè dé ilé Àbámọ̀. Ọ̀fun mi ti gbẹ. Mo na ọwọ́ sí ọ.

Ó dìde, ó tún agbádá rẹ̀ tò, ó wò mí tìyanutìyanu.

"Akéwì," ó ní, "ṣebí ọ̀fẹ́ ni?"